Bùkà Kan Lẹ́yìn Ọjà Kútọ̀, fún Ẹni Tí Ó Ń Padà sí Ẹran Jíjẹ

Bí ẹnikẹ́ni ní Abẹ́òkúta bá ti pẹ́ láìjẹ ẹran, tí ó sì ti pinnu láti padà sí i, ibi tí mo máa kọ́kọ́ júwe fún un ni bùkà kékeré kan tí ó wà lẹ́yìn ọjà Kútọ̀. Kò ní pátákó lẹ́nu ọ̀nà, kò sì sí orúkọ kankan lára ògiri rẹ̀. Ọ̀dọ̀ Ìyá ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Èmi náà kò ní dárúkọ wọn níhìn-ín, nítorí wọ́n ti sọ fún mi pé èrò tí ó ń wá ti pọ̀ ju àga tí àwọn ní lọ, àti pé ẹni tí ó bá ń wá ibẹ̀ lóòótọ́ yóò béèrè dé ibẹ̀. Mo jẹun níbẹ̀ kí n tó dẹ́kun ẹran jíjẹ, mo jẹun níbẹ̀ ní gbogbo ọdún tí ẹ̀wà àti ewébẹ̀ nìkan fi jẹ́ oúnjẹ mi, mo sì ń jẹun níbẹ̀ títí di òní tí ẹran ti padà sínú àwo mi. Ohun tí mo rí yìn níbẹ̀ ju ohun gbogbo lọ ni pé Ìyá mọ ohun tí ó wà nínú ìkòkò wọn, wọ́n sì máa ń sọ ọ́ fún oníbàárà bí ó ti rí. Nínú gbogbo ibi tí mo ti jẹun ní ìlú yìí, n kò tíì rí ẹlòmíràn tí ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ tó wọn.

Yunifásítì ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun láìsí ẹran. Yunifásítì Babcock, tí ó wà ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa níbí, jẹ́ ti ìjọ Seventh-day Adventist, ó sì ti pẹ́ tí ìjọ náà ti ń gba àwọn ọmọ ìjọ níyànjú pé kí wọ́n fi èso, ẹ̀wà àti ewébẹ̀ rọ́pò ẹran. Èmi kì í ṣe ọmọ ìjọ wọn, ṣùgbọ́n irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ bá mi lára mu, mo sì gbé e délé. Àwọn ará ilé rò pé ẹ̀jẹ́ ni mo jẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tilẹ̀ fà mí sí kọ̀rọ̀ ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ kan, wọ́n bi mí bóyá wòlíì ni ó ní kí n má fi ẹnu kan ẹran mọ́. Nígbà tí ó yá, mo fi ẹyin àti wàrà náà sílẹ̀. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ìka ọwọ́ àti ìka ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ó sì ń rẹ̀ mí láìṣe iṣẹ́ kankan, ni dókítà bá ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò. Àyẹ̀wò náà fi hàn pé fítámínì B12 ti lọ sílẹ̀ lára mi.

Àfi bí ilé iṣẹ́ bá fi kún oúnjẹ, fítámínì yìí kò sí nínú ewébẹ̀, ẹ̀wà tàbí èso. Inú ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà ni a ti máa ń rí i. Ẹ̀dọ̀ wa máa ń tọ́jú rẹ̀ pamọ́ fún ọdún mélòó kan, ìdí nìyẹn tí àìtó rẹ̀ kì í fi í tètè hàn, tí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹran sílẹ̀ fi máa ń rò pé kò sí ohun tí ó yí padà. Ìwọ̀nba díẹ̀, tí kò ju máíkírógíráàmù 2.4 lọ, ni àgbàlagbà nílò lóòjọ́, ṣùgbọ́n bí kò bá sí, ẹ̀jẹ̀ kì í pọ̀ tó lára, àwọn iṣan tí ń gbé ìmọ̀lára dé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ sì máa ń bàjẹ́. Oògùn rẹ̀ wà ní ilé oògùn, ẹni tí kò bá sì fẹ́ jẹ ẹran láyé rẹ̀ mọ́ lè máa lo oògùn náà kí ara rẹ̀ sì le koko. Èmi náà lò ó, ọwọ́ mi sì bọ̀ sípò. Nítorí náà, kì í ṣe dókítà ni ó dá mi padà sí ẹran. Ọ̀fun mi ni ó ń fẹ́ ẹ.

Ọ̀rọ̀ kan tí mo gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé ikùn ẹni tí ó ti pẹ́ láìjẹ ẹran kò lè lọ ẹran mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èròjà tí ara fi ń lọ ẹran náà ni ó fi ń lọ ẹ̀wà àti ẹ̀gúsí, ẹni tí ó bá sì ń jẹ ẹ̀wà lójoojúmọ́ kò fi ìgbà kankan jẹ́ kí èròjà yẹn sinmi. Ohun tí ó máa ń da ikùn rú ni ọ̀rá àti àjẹjù, pàápàá nígbà tí ènìyàn bá fi ẹnu tí ó ti pẹ́ láìjẹ ẹran lọ jókòó ti àwo ẹran dídín ní òde ìnáwó. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń gbé inú ìfun náà máa ń yí padà láàárín ọjọ́ díẹ̀ bí oúnjẹ bá ti yí padà, ara sì lè gbọ̀n díẹ̀ nígbà tí èyí bá ń lọ lọ́wọ́. Ohun tí olùpadàbọ̀ nílò, nígbà náà, ni ẹran tí a bọ̀ dáadáa, tí kò lọ́ràá púpọ̀, tí a gé ní kékeré, láti ọwọ́ ẹni tí kò ní bínú bí ó bá fi ìdajì sílẹ̀ sínú àwo. Ojú yìí ni mo fi ń wo àwọn olóúnjẹ ìlú yìí nísinsìnyí, mo sì mọ̀ pé ẹni tí kò fi ẹran sílẹ̀ rí lè wo bùkà kan náà kí ó má rí nǹkan bàbàrà níbẹ̀.

Gbólóhùn tí ẹni tí kì í jẹ ẹran máa ń gbọ́ jù lọ ní bùkà ni “A ó yọ ẹran kúrò fún yín.” Ọmọ tí ń bu oúnjẹ á ti ṣíbí bọ inú ẹ̀fọ́ rírò, á fi ẹ̀gbẹ́ ṣíbí ti ṣàkì àti pọ̀nmọ́ sẹ́yìn, á bu ẹ̀fọ́ tí ó kù, á sì gbà pé òun ti ṣe oore. Bẹ́ẹ̀ ni omi ẹran ni wọ́n fi ta ata ọbẹ̀ náà, edé lílọ̀ ti yọ́ sínú rẹ̀, panla sì ti fọ́ mọ́ ewé dé ibi tí ojú kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́. Ènìyàn kò lè se ebòlò kí ó má rùn ìgbẹ́. Mo fura pé ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń pe ara wa ní ẹni tí kì í jẹ ẹran ní Abẹ́òkúta, ẹran nìkan ni a kì í rí. À ń mu omi rẹ̀ lójoojúmọ́.

Ọ̀dọ̀ Ìyá nìkan ni wọ́n ti gba àwo kúrò lọ́wọ́ mi. Mo béèrè ẹ̀fọ́ láìsí ẹran, ọmọ wọn kan ti bù ú, mo sì ti fọwọ́, kí Ìyá tó yọjú láti ìdí ààrò pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́. “Ta ni ó ni ẹ̀fọ́ yìí?” Mo ní èmi ni. “Omi ẹran ni mo fi sè é, edé wà níbẹ̀, panla wà níbẹ̀. Bí o kì í bá jẹ ẹran, má jẹ ẹ́, ọmọ mi.” Wọ́n gbé àwo náà fún ẹlòmíràn tí ó ń dúró, wọ́n sì fi ẹ̀wà àti ata díndín tí wọ́n fi epo pupa nìkan dín tọ́jú mi. Wọn kò gba owó lé e, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò bi mí ní ìdí tí n kì í fi í jẹ ẹran, èyí tí ó wú mi lórí ju ẹ̀wà náà lọ. Nígbà tí mo wá padà sí ẹran, mo mọ ẹni tí mo lè béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ni mo ń jẹ gan-an.

Odò-ẹran Làfẹ́ńwá ni ẹran wọn ti ń wá. Ìyá ní alápatà kan tí wọ́n ti ń bá rà láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n sì máa ń wà níbẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, nítorí wọ́n ní ẹran tí òòrùn bá ti bà lórí tábìlì kò ṣeé fi sínú ìkòkò àwọn. Nígbà tí wọ́n bá dé, wọn kì í da ẹran pọ̀ sè. Ìkòkò kan wà fún ẹran màlúù, òmíràn wà fún ògúnfe, ẹ̀kẹta sì wà fún inú ẹran, ìyẹn ṣàkì, fùkù, àbọ̀dí àti àwọn ẹgbẹ́ wọn, tí ó máa ń pẹ́ lórí iná ju àwọn yòókù lọ. Alùbọ́sà, atalẹ̀, iyọ̀ àti ata díẹ̀ ni wọ́n fi ń bọ̀ wọ́n, wọ́n á sì pa iná rẹ̀ rẹlẹ̀. Ẹni tí ó bá ń jẹ ẹran lójoojúmọ́ lè máà rí àǹfààní inú yíya ìkòkò sọ́tọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n imú ẹni tí ó ti pẹ́ láìjẹ ẹran máa ń mú ju ti ẹlòmíràn lọ: òórùn òbúkọ á dá dúró gédégbé, òórùn inú ẹran á dá dúró, ọ̀rá màlúù tí ó ti tutù nìkan sì tó láti lé ènìyàn dìde nídìí oúnjẹ. Bí a bá da gbogbo wọn pọ̀ sínú ìkòkò kan, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní lè mọ èyí tí ó ń yọ ọ́ lẹ́nu.

Ìyá ni ó tò ó fún mi bí mo ṣe máa padà, n kò sì rí ìwé kankan tí ó tò ó dáa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ jẹ ẹja, nítorí ẹja kì í wúwo níkùn. Ẹja àrọ̀ wọn máa ń wà nínú ọbẹ̀ ata tí kò lépo púpọ̀, ó rọ̀, ó sì mọ́. Mo gbádùn rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò ní fi ọ̀rọ̀ púpọ̀ ṣòfò lórí rẹ̀, nítorí ẹja àrọ̀ tí ó dára kò ṣọ̀wọ́n ní ìlú tí odò Ògùn gba àárín rẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn ẹja ni omi adìyẹ ìbílẹ̀, tí wọ́n máa ń sè ní ọjọ́ Àbámẹ́ta nìkan. Wọ́n bu omi rẹ̀ fún mi nínú abọ́ kékeré láìsí ẹran kankan nínú rẹ̀, wọ́n ní kí n mu ún kí n sì máa lọ sílé. Ara mi gbà á.

Ògúnfe ni ó wá lẹ́yìn èyí, òun sì ni ìdí pàtàkì tí ó fi yẹ kí ènìyàn lọ síbẹ̀. Wọ́n gbé e wá pẹ̀lú láfún àti ewédú, ata wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹran méjì tí kò tóbi ju ìka àtàńpàkò lọ wà lórí rẹ̀, ọ̀kan jẹ́ ẹran ara, èkejì ní eegun. Èyí tí ó ní eegun ti rọ̀ dé ibi pé ẹran rẹ̀ ń yọ fúnra rẹ̀, síbẹ̀ awọ rẹ̀ ṣì ní agbára díẹ̀ láti bá eyín jà. Adùn rẹ̀ kò tètè dé: ata ni mo kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà atalẹ̀, lẹ́yìn tí mo ti ń jẹ ẹ́ fún ìgbà díẹ̀ ni adùn ẹran fúnra rẹ̀ wá yọ, adùn tí irú àti olú ti ń gbìyànjú láti ṣe àfarawé rẹ̀ nínú ọbẹ̀ mi ní gbogbo ọdún tí n kò fi jẹ ẹran. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ro mí kí n tó jẹ ẹran kékeré méjì náà tán, nítorí ẹ̀wà àti wàrà sóyà kì í fún àgbọ̀n níṣẹ́ ṣe. Fọ́nrán ẹran há sí eyín mi gbogbo. Ife gíláàsì kan tí ó kún fún igi ìtayín wà lórí tábìlì kọ̀ọ̀kan níbẹ̀, n kò sì kíyè sí i rí ní gbogbo ọdún tí mo fi ń jẹ ẹ̀wà.

Láfún wọn yẹ fún ọ̀rọ̀ tirẹ̀, nítorí a kò lè jẹ ògúnfe yẹn pẹ̀lú ohunkóhun kí ó rí bákan náà. Ẹ̀gbá ni ó ni láfún, ẹ jẹ́ kí àwọn ará Ìbàdàn máa bá àmàlà dúdú wọn ṣe fáàrí. A máa ń bó ẹ̀gẹ́, a ó rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi rọ̀ tí yóò sì kan, lẹ́yìn náà a ó sá a sí oòrùn, orí àpáta tí ó tẹ́jú ni wọ́n sì máa ń sá a sí ní ọ̀pọ̀ abúlé tí ó yí ìlú yìí ká, kí a tó lọ̀ ọ́ kúnná. Rírẹ yìí ni ó ń dín oró inú ẹ̀gẹ́ kù. Ti Ìyá funfun, kò ní kókó, ó sì ní ìkan díẹ̀ tí ó ń pàdé ata ní ọ̀nà ọ̀fun. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ bí ó ti rí: láfún kò ní èròjà amáradàgbà kan tí ó ṣeé kà sí, ìdí nìyẹn tí ohun tí ó wà lórí rẹ̀ fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀. Ewédú ní irin tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ara kì í gba irin inú ewé tó bí ó ti ń gba ti inú ẹran. Bí a bá jẹ méjèèjì pọ̀, ẹran á ran ara lọ́wọ́ láti gba ti inú ewé náà síi. Tíì tí àwọn kan ń mu tẹ̀lé oúnjẹ a máa dí irin yìí lọ́wọ́, nítorí náà kí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò bá tó fi àyè sílẹ̀ kí ó tó mu ún.

Ẹran màlúù wọn dára, kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀dọ̀ ni mo máa rọ àwọn tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò bíi tèmi pé kí wọ́n béèrè fún. Ẹ̀dọ̀ màlúù gíráàmù 100 tí a ti sè máa ń ní fítámínì B12 tí ó ju 60 máíkírógíráàmù lọ, èyí tí ó fi ìlọ́po púpọ̀ ju ohun tí ara nílò lóòjọ́ lọ. Ìyá kì í bọ ẹ̀dọ̀ pẹ̀lú inú ẹran. Wọ́n máa ń gé e ní pẹlẹbẹ, wọ́n á fi alùbọ́sà àti epo díẹ̀ yí i lórí iná fún ìṣẹ́jú díẹ̀ títí tí àárín rẹ̀ kò fi ní pupa mọ́, wọ́n á sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí ó tó le. Ọ̀pọ̀ olóúnjẹ kì í mọ ìgbà tí ó yẹ kí wọ́n sọ ẹ̀dọ̀ kalẹ̀, tí yóò fi gbẹ tí yóò sì máa fọ́ lẹ́nu bí ìyẹ̀pẹ̀. Ẹ má jẹ ẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lọ, nítorí fítámínì A inú rẹ̀ pọ̀. Kí aláboyún má sì jẹ ẹ́ rárá, torí àpọ̀jù fítámínì A yìí lè pa ọmọ inú lára.

Ní ti ṣàkì, fùkù àti àbọ̀dí, n kò tíì dé ibẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé n kò ní dé ibẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń jẹ ẹ́ nínú ayamaṣe ọjọ́ Àbámẹ́ta níbẹ̀ kì í gbé orí sókè títí wọn yóò fi jẹ ẹ́ tán. Ìrẹsì Ọ̀fàdà ni wọ́n fi ń gbé ayamaṣe náà, nínú ewé, ìlú Ọ̀fàdà tí ó fún ìrẹsì náà lórúkọ kò sì jìnnà sí wa; ṣùgbọ́n epo inú ọbẹ̀ yẹn pọ̀ ju ohun tí olùpadàbọ̀ lè fara dà lọ, kí ó jìnnà sí i fún ìgbà díẹ̀.

Pọ̀nmọ́ ni èmi àti Ìyá kò tíì fẹnu kò lé lórí. Òun ni ó rọrùn jù nínú owó, òun sì ni àwọn ọmọ wọn máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí ẹni tí ó bá ní òun fẹ́ ẹran díẹ̀. Awọ ni pọ̀nmọ́. Amáradàgbà inú rẹ̀ kò pé, kò sì lè dá ṣe iṣẹ́ tí ẹran ara ń ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dùn-ún jẹ́ nínú ẹ̀fọ́. Ní ọdún 2023, nígbà tí anthrax, àìsàn tí ènìyàn lè kó lára ẹran ọ̀sìn, bẹ́ sílẹ̀ ní ìhà àríwá orílẹ̀-èdè Gánà, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà kìlọ̀ fún àwọn ará ìlú nípa jíjẹ pọ̀nmọ́, ẹran gbígbẹ àti ẹran ìgbẹ́. Pọ̀nmọ́ kò kúrò nínú ìkòkò Ìyá ní gbogbo ìgbà náà. Wọ́n ní àwọn mọ ẹni tí àwọn ti ń rà á, mo sì gbà wọ́n gbọ́, ṣùgbọ́n ó wù mí kí wọ́n ti dá a dúró fún ìgbà díẹ̀.

Àléébù kò sì tán síbẹ̀. Mágì inú ọbẹ̀ ata wọn pọ̀ ju bó ti yẹ lọ. Omi tí wọ́n fi bọ ẹran ti dùn tó, kò nílò ìrànlọ́wọ́ kankan, ọjọ́ tí mo bá sì jẹ ọbẹ̀ náà ní ọ̀sán, òǹgbẹ á máa gbẹ mí títí di alẹ́. Wọn kì í kọ iye owó síbì kankan. Nígbà tí mo lọ kẹ́yìn, ₦700 ni ẹyọ ẹran màlúù kan, ₦1,200 ni ògúnfe, ẹ̀dọ̀ wà láàárín méjèèjì. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ tí wọ́n sọ iye mìíràn fún ọkùnrin kan tí ó gbé ọkọ̀ olówó ńlá wá. Bí èrò bá pọ̀ ní ọ̀sán, àwọn ọmọ tí ń bu oúnjẹ kì í gbà láti gé ẹyọ ẹran sí méjì, wọ́n á ní kí ènìyàn mú odindi tàbí kí ó fi í sílẹ̀. Inú ilé náà gbóná, èéfín ààrò a sì máa yí wọ ibi tí àwọn ènìyàn jókòó sí bí afẹ́fẹ́ bá ti ọjà wá. Èyí tí ó dùn mí jù ni pé ọ̀bẹ kan náà ni wọ́n fi ń gé ẹja àti ẹran, tí wọ́n fi ń gé ewé fún ẹni tí kì í jẹ méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ni Ìyá tí ó ní ìkòkò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kò yẹ kí ó ṣòro fún wọn láti ra ọ̀bẹ kejì.

Síbẹ̀, mo ti gbìyànjú ibòmíràn. Ilé oúnjẹ ńlá kan wà ní ìhà Òkè-Ìlẹ̀wọ̀, tí ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, tí àwọn ọmọ rẹ̀ wọ aṣọ kan náà, tí owó oúnjẹ sì wà lójú pátákó gedegbe. Ẹran ibẹ̀, wọ́n bọ̀ ọ́, wọ́n dín in, wọ́n tún dín in nígbà tí mo béèrè fún un, títí ó fi le gan-an, tí n kò sì lè mọ̀ bóyá òní ni wọ́n sè é tàbí àná. Mo bi ọmọbìnrin tí ó gba owó lọ́wọ́ mi bóyá omi ẹran wà nínú ìrẹsì wọn, ó ní òun máa béèrè, kò sì padà wá. Súyà tí wọ́n ń sun ní alẹ́ ní Pánṣẹ́kẹ́ dùn, n kò ní parọ́, ṣùgbọ́n ata àti ẹ̀pà lílọ̀ tí ó bò ó kì í jẹ́ kí ènìyàn mọ ohun tí ara òun ń sọ nípa ẹran náà. Kí ó dúró títí ikùn yóò fi mọ ẹran dunjú. Ní ti ẹran òde, kí olùpadàbọ̀ gbà á, kí ó wé e sínú ọ̀rá, kí ó sì fi fún àwọn ọmọ ilé.

Ẹni tí kò bá fẹ́ padà sí ẹran rárá lè bá Ìyá ṣe é. Bí ó bá sọ fún wọn ní ọjọ́ kan ṣáájú, tí ó sì san owó sílẹ̀, wọ́n á fi irú, epo pupa àti alùbọ́sà se ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ fún un nínú ìkòkò kékeré kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀, láìsí omi ẹran, láìsí edé. Ewédú wọn náà kò ní edé. Ìyá kì í fẹ́ràn kí ènìyàn béèrè fún èyí ní òjijì, wọ́n sì máa ń sọ ọ́ ní gbangba. Bùkà náà kì í ṣí ní ọjọ́ Àìkú, wọ́n sì máa ń ti ilẹ̀kùn fún wákàtí kan ó lé ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kí wọ́n lè lọ kírun. Ẹ̀dọ̀ máa ń tán kí ọ̀sán tó pọ́n, ògúnfe a máa pẹ́ díẹ̀ jù ú lọ. Wọ́n ń gba tíránsífà, ṣùgbọ́n ẹ kò ní kúrò lórí àga títí ìró owó yóò fi dún lórí fóònù Ìyá, fóònù náà kì í sì í tètè dún.